Tírélà ọkọ̀ ojú omi yín ń họ ilẹ̀? Bí ẹ ṣe lè gbé e sókè láìda owó sómi

Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Irin ìdí tírélà náà, kò sẹ́ni tó ṣe é pé kó máa tẹ ọ̀dà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró sí etí títì ní agbègbè Campos tàbí Ìgbóṣeré láàárọ̀ kùtù, tí jíìpù kan sì ń fa ọkọ̀ ojú omi kọjá lórí bọ́m̀pù, ẹ ó gbọ́ ìró "gàràrà!" bí ìdí tírélà bá họ ilẹ̀. Awakọ̀ á wo gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, á rí i pé ẹrù òun ṣì wà níbẹ̀, á sì máa bá tiẹ̀ lọ. Ohun tí kò mọ̀ ni pé owó ló jábọ́ sílẹ̀ yẹn.

Bí irin bá họ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, síńkì tí wọ́n fi bò ó kó má baà dípẹtà á ṣí kúrò. Bó bá tún họ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, iná ẹ̀yìn lè fọ́. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó lè jẹ́ ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi gan-an ni yóò kan òkúta. Ẹni tó sì ti ra ẹ́ńjìnnì rí mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe owó kékeré.

Kì í ṣe tírélà gbọọrọ tó ń gbé kọ̀ǹténà jáde ní Àpápá la ní lọ́kàn o. Èyí tí à ń sọ ni kinní kékeré onítáyà méjì tàbí mẹ́rin tí wọ́n máa ń so mọ́ ìdí jíìpù láti fa ọkọ̀ ojú omi. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ yáni fún ìgbádùn ń lò ó. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ onífáíbà ń fi í gbé ọjà lọ fún oníbàárà ní Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú tàbí Àgbádárìgì. Àwọn mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì orí omi náà ń lò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi irú rẹ̀ gbé jẹnẹrétọ̀ tàbí kánópì káàkiri òde àríyá náà, ẹ má ṣí ojú ìwé yìí kọjá, nítorí ohun tá a fẹ́ sọ kàn yín.

Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe é rẹlẹ̀?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ kó tó pe wẹ́dà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tírélà yìí jẹ́ tọ́kúnbọ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà tàbí Yúróòpù ni wọ́n ti ṣe wọ́n, fún ibi tí títì ti tẹ́jú, tí wọ́n sì ti da kọnkéré sí ìdagẹ̀rẹ́ etí omi. Àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ mú un rẹlẹ̀ ni. Àkọ́kọ́, bí tírélà bá rẹlẹ̀, kò ní í pẹ́ tí ọkọ̀ yóò fi kan omi, tí yóò sì léfòó kúrò lórí rẹ̀. Èkejì, ohun tó bá rẹlẹ̀ kì í tètè dojú dé bí wọ́n bá yà ní kọ́nà.

Ẹ rí i pé rírẹlẹ̀ yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé tírélà sókè ń ta nǹkan kan láti fi ra nǹkan mìíràn ni. Kò sí ínṣì kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́ nínú ẹ̀. Ọlọ́gbọ́n oníṣòwò ló máa ń béèrè iye tí ọjà jẹ́ kó tó rà á. Iye ínṣì tẹ́ ẹ nílò gan-an ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má ra ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Pópó Àgùdà, ọ̀rọ̀ ohun tó tòkun bọ̀ kì í ṣe tuntun. Òpópónà Tokunboh wà níbẹ̀ dòní. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil àti Cuba padà sí Èkó ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún kó iṣẹ́ ọwọ́ bọ̀: iṣẹ́ bíríkìlà, iṣẹ́ káfíńtà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú wọn, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894. Ọnà ìkọ́lé Brazil ló lò, ṣùgbọ́n ó tún un dá kó lè bá ohun tí àwọn Mùsùlùmí Èkó fẹ́ mu. Bí ohun tó tòkun bọ̀ ṣe máa ń wúlò fúnni nìyẹn: ẹ wo ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é níbi tó ti wá, kẹ́ ẹ tó tún un ṣe fún ibi tó dé.

Ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí tírélà bó ṣe máa ń wà lọ́jọ́ ìrìn àjò, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì àti epo rẹ̀. Ẹ so ó mọ́ jíìpù lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Tírélà tí kò gbé ẹrù máa ń ga ju bó ṣe yẹ lọ, irọ́ ló sì máa pa fún yín. Ẹ wá mú tépù, kẹ́ ẹ wọn nǹkan mẹ́rin, kẹ́ ẹ sì kọ wọ́n sínú ìwé.

Èkíní, láti ilẹ̀ dé abẹ́ irin tó rẹlẹ̀ jù. Èkejì, láti ilẹ̀ dé abẹ́ ìdí tírélà lẹ́yìn pátápátá. Ẹ̀kẹta, láti ibi tí táyà ti kan ilẹ̀ dé ìdí tírélà yẹn. Ẹ̀kẹrin, láti ilẹ̀ dé orí bọ́ọ̀lù irin tó wà lẹ́yìn jíìpù, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ tírélà.

Ẹ fi ìwọ̀n ẹ̀kẹta pín ìwọ̀n èkejì. Ká ní ìdí tírélà fi ínṣì 12 ga sílẹ̀, tó sì jìn sí táyà ní ínṣì 48, ìdá kan nínú mẹ́rin nìyẹn. Ó túmọ̀ sí pé bí ìdagẹ̀rẹ́ kan bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan láàárín ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ìdí yóò kan ilẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gbé e sókè ní ínṣì 4, ó di 16 sí 48, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ lọ fi ìṣirò yìí wé ibi tó ń há yín gan-an, bóyá ẹnu ọ̀nà àgbàlá yín ni o, tàbí orí gọ́tà tí wọ́n fi páálí kọnkéré bò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí irin ti ń dán, tó ti họ. Bó bá jẹ́ pé iwájú ló ti họ, níbi táyà kékeré tí wọ́n fi ń gbé imú tírélà dúró, ó lè jẹ́ pé wọn kì í ká táyà yẹn sókè dáadáa ni. Ìyẹn ò gba wẹ́dà. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ti họ, ẹ wo ìwọ̀n ẹ̀kẹrin. Bí bọ́ọ̀lù jíìpù bá ga jù, imú tírélà á gbé sókè, ìdí rẹ̀ á sì jókòó sílẹ̀. Ká ní imú tírélà jìn sí táyà ní ẹsẹ̀ bàtà 15, tí ìdí sì jìn sí táyà ní ẹsẹ̀ bàtà 4. Bẹ́ ẹ bá sọ bọ́ọ̀lù kalẹ̀ ní ínṣì 5 kí tírélà lè tẹ́jú, ìdí rẹ̀ á gbéra sókè ní ínṣì kan àti díẹ̀. Irin ìkọ́ jíìpù nìkan lẹ pààrọ̀, ẹ ò jó nǹkan kan.

Àwọn ínṣì tó ti sọnù

Kẹ́ ẹ tó ra ínṣì tuntun, ẹ lọ wá àwọn ti tẹ́lẹ̀ tó ti sọnù. Táyà tí kò ní afẹ́fẹ́ tó máa ń jókòó. Ẹ ka iye afẹ́fẹ́ tí wọ́n kọ sára táyà náà, kẹ́ ẹ sì fi géèjì wò ó láàárọ̀ kó tó gbóná. Ẹ má fi ẹsẹ̀ ta á kẹ́ ẹ ní ó ti tó.

Ẹ wo sípíríǹgì náà. Ó yẹ kó tẹ̀ bíi ọrun. Bó bá ti nà gbọọrọ, tàbí tí ewé kan nínú rẹ̀ ti kán, ó ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Méjèèjì ni kẹ́ ẹ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí bẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ẹyọ kan, tírélà á máa wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ tún wo ohun tó wà nínú ọkọ̀. Ní ìgbà òjò, ọkọ̀ tí wọn ò bò á gba omi sínú. Lítà omi 100, kílò 100 ni. Epo bẹntiróòlù lítà 100 náà tó nǹkan bíi kílò 75. Bí gbogbo èyí bá kó sí ìdí ọkọ̀, báwo ni tírélà ò ṣe ní í wọ́lẹ̀? Ẹ yọ ìdérí ìdí ọkọ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí omi dà nù kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹ sì jẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì epo yín dé etí omi kẹ́ ẹ tó rọ ọ́ kún.

Ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n ń gbà gbé e sókè

Bẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tó sì ṣì ń họ, ọ̀nà mẹ́ta ló wà.

Èyí àkọ́kọ́ ni táyà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdajì ohun tí táyà fi ga sí i ni tírélà yóò fi gbéra, torí pé àárín táyà ni irin axle wà, ìyẹn irin tó so táyà ọ̀tún mọ́ tòsì. Táyà 175/80R13 tí wọ́n máa ń lò fún tírélà kékeré ga tó mìlímítà 610. Táyà 205/75R14 ga tó mìlímítà 663. Àfikún rẹ̀ jẹ́ 53, ìdajì rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní ínṣì kan. Èyí tó bá jẹ́ 205/75R15 á fún yín ní ínṣì kan ààbọ̀. Ẹ ò ní í jó irin, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ rí i pé ihò nọ́ọ̀tì rẹ̀ bá ti tírélà yín mu. Bí ẹrù bá ti wà lórí rẹ̀, kí àyè tó wà láàárín orí táyà àti mọ́dígáàdì má dín sí ínṣì 3. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wọ kòtò ni táyà máa lọ gé ara rẹ̀ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ táyà tọ́kúnbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà DOT. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún.

Ọ̀nà kejì ló ń fúnni ní ínṣì tó pọ̀ jù. Nínú ọ̀pọ̀ tírélà ọkọ̀ ojú omi, orí sípíríǹgì ni irin axle jókòó lé. Bí wọ́n bá gbé irin yẹn wá sábẹ́ sípíríǹgì, gbogbo tírélà á gbéra sókè. Ẹ ó rí ìnípọn irin axle àti ti sípíríǹgì pa pọ̀ gbà, ìyẹn bíi ínṣì 4 sí 5 fún tírélà kékeré.

Ṣùgbọ́n ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wẹ́dà ti ń ṣe àṣìṣe. Wọ́n á kàn yí irin axle lójú dé, kí ìjókòó sípíríǹgì tó wà lára rẹ̀ lè kọjú sí òkè. Ẹ má gbà fún wọn o. Àwọn tó ṣe irin yẹn máa ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí àárín rẹ̀ lè yọ sókè, pé bí ẹrù bá dé orí rẹ̀, kó lè nà. Ojú lásán lè má rí i. Bẹ́ ẹ bá dojú rẹ̀ dé, àárín á tẹ̀ sísàlẹ̀, táyà ò ní í dúró ṣánṣán mọ́, ẹ ó sì máa ra táyà nígbà gbogbo. Ohun tó tọ́ ni pé kí irin náà wà bó ṣe wà, kí wọ́n jó ìjókòó sípíríǹgì tuntun sí òkè rẹ̀. Bí tírélà bá ní bíréèkì, ìdí mìíràn rèé tí wọn ò fi gbọdọ̀ yí i, torí bíréèkì ọ̀tún kì í ṣe ti òsì.

Ọ̀nà kẹta ni kí wọ́n fi irin onígun mẹ́rin sáàárín férémù tírélà àti ibi tí sípíríǹgì so rọ̀ sí. Bí irin yẹn bá ga ní ínṣì 2, ínṣì 2 náà lẹ máa rí. Èyí dára fún ẹni tí kò nílò ínṣì 5, ó sì tún dára fún tírélà tí kò ní sípíríǹgì rárá, tó jẹ́ pé rọ́bà inú irin axle ló ń gba ẹrù. Kó jẹ́ irin kan ṣoṣo tó gùn tó ibi tó bò, tí wọ́n sì tún fi irin gbe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró. Kí wọ́n má kó irin kéékèèké jọ lórí ara wọn bí ẹni ń to búlọ́ọ̀kù. Ọjọ́ tí bíréèkì bá mú lójijì ni irú rẹ̀ ń wó.

Ẹ jọ̀ọ́, kò sí èyí tó ń jẹ́ kí tírélà gba ẹrù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tírélà tó ga kò túmọ̀ sí tírélà tó lágbára.

Ohun tí gíga máa gbà lọ́wọ́ yín

Ẹ jẹ́ ká wá sọ iye tí ínṣì yẹn jẹ́. Ìdagẹ̀rẹ́ etí omi la ó kọ́kọ́ wò. Bẹ́ ẹ bá gbé tírélà sókè ní ínṣì 5, omi gbọ́dọ̀ jìn ní ínṣì 5 sí i kí ọkọ̀ tó léfòó. Ní ìdagẹ̀rẹ́ tó ń lọ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan láàárín ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ẹ ó fi ínṣì 40 wọ inú omi sí i, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ínṣì mẹ́rin. Táyà ẹ̀yìn jíìpù lè ti wọ omi kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Omi ọ̀sà Èkó sì máa ń níyọ̀, pàápàá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bíréèkì àti béárìn jíìpù kì í fẹ́ràn iyọ̀. Níbi tí kò bá sí kọnkéré, tó jẹ́ yanrìn tàbí ẹrẹ̀, jíìpù gan-an lè rì, kẹ́ ẹ wá máa wá ẹni tó máa fa jíìpù jáde.

Ọ̀nà kan wà láti gba díẹ̀ padà nínú rẹ̀. Ẹ wo pákó tàbí rólà tí ọkọ̀ jókòó lé. Bí àyè bá wà lábẹ́ ìdí ọkọ̀, ẹ lè sọ pákó yẹn kalẹ̀ ní ínṣì kan tàbí méjì. Férémù á ga sí títì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ á súnmọ́ omi. Kẹ́ ẹ sì máa wo ìgbà tí omi bá kún kẹ́ ẹ tó sọ ọkọ̀ kalẹ̀.

Ohun kejì tí gíga máa gbà ni ìdúró. Ká ní àárín gbùngbùn ìwúwo ọkọ̀ àti tírélà ga sílẹ̀ ní ínṣì 30. Bẹ́ ẹ bá fi ínṣì 5 kún un, tí táyà méjèèjì ò sì jìnnà síra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, agbára tó fi ń dúró ní kọ́nà á dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú méje. Eré tẹ́ ẹ ń sá sọ̀ kalẹ̀ láti Third Mainland Bridge sí Adéníji Adélé tẹ́lẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ dín in kù. Bí ẹlòmíràn bá ń wakọ̀ fún yín, ẹ sọ fún un kó tó gbéra.

Ẹ̀kẹta ni ìkọ́ jíìpù. Bí tírélà bá ti gbéra tí bọ́ọ̀lù jíìpù sì wà níbi tó wà, imú tírélà á dorí kodò. Ẹ gbọ́dọ̀ gbé bọ́ọ̀lù náà sókè kó lè tẹ́jú. Bẹ́ ẹ bá sì ń pààrọ̀ bọ́ọ̀lù, ẹ ṣọ́ra: ínṣì 2 ni èyí tó wọ́pọ̀ jù fún tírélà kékeré Amẹ́ríkà, mìlímítà 50 sì ni ti Yúróòpù. Ojú lè rí wọn bí ẹyọ kan náà, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára imú tírélà kẹ́ ẹ tó rà á.

Ẹ fi òṣùwọ̀n ilé wo ìwúwo imú náà. Bí ọkọ̀ àti tírélà lápapọ̀ bá jẹ́ kílò 1,000, ohun tó yẹ kó jókòó lórí bọ́ọ̀lù jíìpù kò gbọdọ̀ kéré sí nǹkan bíi 50, kò sì yẹ kó lé ní 100. Bó bá fúyẹ́ jù, tírélà á máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún lẹ́yìn yín bẹ́ ẹ bá ti ń sáré díẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà

Ẹ gbé ọkọ̀ àti epo kúrò lórí tírélà kí ẹnikẹ́ni tó dá iná. Fáíbà máa ń jó, èéfín bẹntiróòlù sì ń gbiná kéèyàn tó ṣẹ́jú. Bí irin bá ní síńkì lára, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ họ ọ́ kúrò níbi tí wọ́n fẹ́ jó, kí wọ́n sì ṣe é níta gbangba. Èéfín síńkì máa ń fún wẹ́dà ní ibà. Ìlera ọmọ iṣẹ́ náà wà nínú owó tẹ́ ẹ san.

Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má jó ewé sípíríǹgì rárá, torí iná máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Kí wọ́n máa jó díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, kí irin axle má baà wọ́. Kí bóòtù tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U, tó so sípíríǹgì mọ́ axle, jẹ́ tuntun. Èyí tí wọ́n ti dè rí ti nà, kò ṣeé gbára lé.

Kí wọ́n tó jó o tán, ẹ mú tépù yín. Ẹ wọ̀n ọ́n láti imú tírélà dé ìdí táyà ọ̀tún, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n dé ti òsì. Méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ọ̀kan bá fi ìdajì ínṣì ju èkejì lọ, tírélà á máa rìn ní ẹ̀gbẹ́, táyà á sì máa jẹ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ má lọ jókòó síbòmíràn kẹ́ ẹ ní wọ́n á pè yín bó bá tán.

Bí wọ́n bá jó o tán, kí wọ́n fi ọ̀dà tó ní síńkì nínú kun gbogbo ibi tí iná dé, ní ìpele méjì. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, iyọ̀ omi ọ̀sà á jẹ ibẹ̀ kí ọdún tó yípo. Wáyà iná àti ọ̀pá omi bíréèkì náà lè kúrú jù nígbà tí tírélà bá ti gbéra. Ẹ wò wọ́n. Tírélà tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ ò tàn lè dá yín dúró lọ́wọ́ FRSC, ó sì lè pa ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Lẹ́yìn 80 kìlómítà àkọ́kọ́, ẹ dúró, kẹ́ ẹ tún gbogbo nọ́ọ̀tì dè. Wọ́n á ti tú díẹ̀. Kẹ́ ẹ sì máa fi omi tí kò níyọ̀ fọ tírélà ní gbogbo ìgbà tó bá ti ọ̀sà bọ̀, kẹ́ ẹ fi gírísì sí béárìn.

Ta ni kò yẹ kó ṣe é?

Ẹni tó ń fa ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré lọ́dún kò nílò gbogbo wàhálà yìí. Ẹ lè fi rólà irin méjì sí abẹ́ ìdí tírélà, kó lè jẹ́ pé bó bá kan ilẹ̀, yíyí ló máa yí, kò ní í họ. Ẹ lè kó pákó nínípọn méjì sínú jíìpù, kẹ́ ẹ máa tẹ́ ẹ sí ẹnu gọ́tà. Kẹ́ ẹ sì máa gbé ẹ́ńjìnnì sókè, kẹ́ ẹ fi igi tàbí irin gbe ìdí rẹ̀ dúró, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe tírélà ló rẹlẹ̀ jù, ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì ni.

Fún ẹni tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni tiẹ̀, ẹ mú ìwé ìṣirò yín. Fún oṣù mẹ́ta, ẹ kọ iye tẹ́ ẹ ná lórí iná tó fọ́, ọ̀dà, táyà tó gé àti irin tó kán. Ẹ fi iṣẹ́ tẹ́ ẹ pàdánù kún un, irú ọjọ́ tí oníbàárà pè tẹ́ ẹ sì sọ pé ọ̀nà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ò dáa. Ẹ lọ gba iye lọ́dọ̀ wẹ́dà méjì tàbí mẹ́ta, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ya owó irin sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́. Bí iye yẹn kò bá ju ohun tẹ́ ẹ pàdánù láàárín ọdún kan lọ, ẹ ṣe é. Bó bá jù ú lọ, pákó méjì yẹn ti tó.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é náà, ẹ padà sí ìwé tẹ́ ẹ kọ ìwọ̀n mẹ́rin sí. Bó bá jẹ́ ínṣì 2 ni ẹnu ọ̀nà yín ń béèrè, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ínṣì 5 fún yín. Ínṣì mẹ́ta tó kù yẹn, inú omi lẹ ti máa san án.